Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Èdè Ìgbò Láti Ẹnu Òbí Dé Ẹnu Ọmọ

Àwọn Yorùbá máa ń pa á lówe pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Níbi ìsìnkú ẹni tó fi ọmọ sáyé lọ, tàbí níbi tí ọmọ ti ń jẹ oyè baba rẹ̀, ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde, ìtumọ̀ tí wọ́n sì máa ń fún un ni pé ẹni tó bímọ kò kú tán. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan tí àgbẹ̀ mọ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ yóò wó kí ó tó yọ. Nígbà tí ìyá ṣì dúró, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ni ọmọ ti ń yọ ní ìdí rẹ̀, tí àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa mu omi inú ilẹ̀ kan náà fún ìgbà pípẹ́. Iná ní tirẹ̀ kì í bímọ. Eérú tó fi sílẹ̀ wúlò fún ọṣẹ, ó sì wúlò fún oko, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi eérú lásán dáná. Bí a bá ka òwe náà báyìí, ohun tó ń yà sọ́tọ̀ ni ohun tó kú tó fi àmì sílẹ̀ àti ohun tí arọ́pò rẹ̀ ti wà lórí ìdúró kí òun fúnra rẹ̀ tó lọ, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì gidigidi bí ọ̀rọ̀ bá di ti èdè.

Èdè Ìgbò ni wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ Anambra, Imo, Abia, Enugu àti Ebonyi, ó sì tàn dé apá kan ìpínlẹ̀ Delta àti Rivers. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fi í sínú ẹbí Benue-Congo tí Yorùbá náà wà, iye àwọn tó ń sọ ọ́ sì lé ní ogún mílíọ̀nù. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àhesọ kan ti ń jà ràn-ìn ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì máa ń fi ti àjọ UNESCO, pé èdè náà yóò ti kú nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025. Ọdún 2025 dé, wọ́n sì ń fi Ìgbò ná ọjà Onitsha àti ti Aba bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ náà kò ṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bí i kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nínú ìwé tí àwọn ògbógi kọ fún UNESCO ní ọdún 2003 lórí bí a ṣe lè mọ èdè tó wà nínú ewu, òṣùwọ̀n mẹ́sàn-án ni wọ́n là sílẹ̀, èyí tí wọ́n sì kọ́kọ́ dárúkọ ni ìtàtaré láti ìran dé ìran, ìyẹn ni pé kí òbí máa fi èdè bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti kékeré títí ọmọ yóò fi máa fi í dáhùn, tí òun náà yóò sì fi bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ bó bá dàgbà. Ṣáájú wọn, Joshua Fishman, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èdè àti àwùjọ, ti ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1991 pé ilé-ìwé, rédíò àti òfin ìjọba kò lè dí àlàfo tí ilé bá fi sílẹ̀. Èdè tí ogún mílíọ̀nù ènìyàn ń sọ lè wà nínú ewu, nígbà náà, bí àwọn tó ń sọ ọ́ bá ń dàgbà tí ọmọ kò yọ ní ìdí wọn, bẹ́ẹ̀ ni èdè ìlú kékeré kan lè wà láìléwu nítorí pé gbogbo ọmọ ìlú náà ló ń fi í ṣeré.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé kò ní ariwo. Bàbá àti ìyá tí wọ́n dàgbà ní Nnewi tàbí ní Mbaise, tí wọ́n wá ń gbé ní Èkó, Àbújá tàbí Port Harcourt, a máa bá ara wọn sọ Ìgbò. Wọn a fi jà, wọn a fi dápàárá, wọn a sì fi sọ ọ̀rọ̀ owó tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́. Bí wọ́n bá yíjú sí ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi pè é wá jẹun. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ Ìgbò dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa fi dáhùn, nígbà tó bá sì di òbí, kò ní sí Ìgbò lẹ́nu rẹ̀ tí ọmọ tirẹ̀ yóò gbọ́. Láàárín ìran méjì péré ni èdè fi ń kúrò nínú ilé báyìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́.

Kò yẹ kí a yára dá àwọn òbí wọ̀nyí lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ ẹgba tàbí san owó ìtanràn ní ilé-ìwé nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn nínú kíláàsì, wọ́n sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò tí ń mú ọmọ wọ yunifásítì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970, ọ̀pọ̀ ìdílé ló tún ayé wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì rí i pé èdè tí aládùúgbò gbọ́ ló lè tètè fi ẹsẹ̀ ọmọ wọn múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà fi ìdàkejì rẹ̀ hàn. Nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ òwò tí wọ́n ń pè ní ịmụ ahịa, èyí tí ọ̀dọ́ kan fi ń sin ọ̀gá fún ọdún bíi mélòó kan kí ọ̀gá tó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀, Ìgbò ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ ọjà ní ìdúnàádúrà, ní dídá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, àti ní bí a ṣe ń bá oníbàárà lò. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti abúlé sí ọjà Alaba tàbí Ladipo ní Èkó fi máa ń sọ Ìgbò tó já gaara ju ti ọmọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n jọ ń sùn.

Ìṣirò tún jẹ́ ká rí ibi tí okùn ti ń já. Ìgbò àtijọ́, gẹ́gẹ́ bíi Yorùbá, a máa fi ogún ka nǹkan: ọgụ ni wọ́n ń pe ogún, nnu sì ni irinwó, tí í ṣe ogún lọ́nà ogún, ẹni tó bá sì ń ka iṣu inú àká kò nílò ju irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò èdè fún ilé-ìwé fẹ́ kí ìṣirò rọrùn fún ọmọ, wọ́n gbé ètò mìíràn kalẹ̀ tó fi ẹ̀wá ṣe ìpìlẹ̀, èyí tó sọ ogún di iri abụọ, ìyẹn ẹ̀wá méjì, tí narị fi jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí puku sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ètò náà mọ́gbọ́n wá, òun ló sì wà nínú ìwé ìkọ́ni dòní. Àmọ́ ìyá àgbà tó ń ka ọgụ kò pàdé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iri abụọ, ọmọ náà kò sì rí ẹni tó ń fi iri abụọ ka owó níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ni ó bá mú ti Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ilé ń lò. Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ kò mọ iye tí ọ̀rìnlénírinwó jẹ́ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ìtàn ìwé kíkọ ní èdè Ìgbò kan Yorùbá gan-an, nítorí pé Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ló ṣe ìwé ABD Ìgbò tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1857, ọdún kan náà tí òun àti John Christopher Taylor, tí wọ́n bí sí Sàró ṣùgbọ́n tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, dá iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, sílẹ̀ ní Onitsha. Ìgbò tí wọ́n lò, tí wọ́n ń pè ní Isuama, jẹ́ èyí tó gbilẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n wá ń gbé ní Sàró. Kò fi bẹ́ẹ̀ jọ èyí tí ìyá kankan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ ní etí Odò Ọya, wọ́n sì pa á tì nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni Thomas John Dennis, míṣọ́nnárì CMS, àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ da ẹ̀ka-èdè márùn-ún pọ̀, ti Onitsha, Owerri, Unwana, Arochukwu àti Bonny, láti fi túmọ̀ Bíbélì tó jáde ní ọdún 1913. Bíbélì náà tàn kálẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àmọ́ ẹ̀ka-èdè àdàpọ̀ inú rẹ̀ kò ní ìlú. Nígbà tí òǹkọ̀wé Chinua Achebe ń sọ̀rọ̀ ní Owerri ní ọdún 1999, nínú ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Odenigbo tí ìjọ Àgùdà ń ṣe ní èdè Ìgbò, ó bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ Dennis gidigidi, nítorí lójú tirẹ̀, ó ti ba ìdàgbàsókè Ìgbò kíkọ jẹ́.

Ìjà àkọtọ́ tún wà níbẹ̀, ìyẹn ni àìfohùnṣọ̀kan lórí lẹ́tà tí wọn yóò fi máa kọ èdè náà sílẹ̀. Láti ọdún 1929 tí ìjọba amúnisìn ti fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun, ìjọ CMS di ti àtijọ́ mú, ìjọ Àgùdà gba tuntun, ohun tí ọmọ ilé-ìwé ìjọ kan ń kọ́ sì yàtọ̀ sí ti ìjọ kejì, títí di ọdún 1961 tí ìgbìmọ̀ tí S. E. Onwu darí fi lẹ́tà mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n ń lò títí dòní parí rẹ̀. Àwọn ọdún wọ̀nyí ni ìwé ìbá ti pọ̀ jaburata. Pita Nwana ti gba ẹ̀bùn ní ọdún 1933 fún Omenuko, ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Ìgbò, ọdún márùn-ún kí ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ ti Fagunwa tó jáde, síbẹ̀ àwọn tó tẹ̀lé e kò tó nǹkan fún ìgbà pípẹ́. F. C. Ogbalu dá ẹgbẹ́ ìgbéga èdè àti àṣà Ìgbò sílẹ̀ ní ọdún 1949, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún un. Tony Ubesie kọ àwọn ìtàn-àròsọ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ràn ní àwọn ọdún 1970. Michael Echeruo gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá jáde ní ọdún 1998. Iṣẹ́ takuntakun ni gbogbo èyí, ẹni tó bá sì fojú tín-ín-rín wọn kò mọ ohun tí ìwé ń náni. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè bímọ, òǹkàwé tó ń wá inú ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè náà ni ó ń sọ ọ́ di ohun alààyè.

Àríyànjiyàn lórí Ìgbò wo ló tọ́ ti ṣe ìpalára kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí. Igbo Izugbe ni wọ́n ń pe èdè àjùmọ̀lò tí ilé-ìwé, ìwé ìròyìn àti rédíò ń lò. Òbí tó wá láti Nsukka tàbí láti àárín àwọn Izii a máa rò pé Ìgbò ilé òun kò pójú owó, pé bí òun bá fi kọ́ ọmọ, olùkọ́ yóò fi ọmọ náà ṣẹ̀sín, nígbà tí kò sì mọ Izugbe dáadáa, ó sá sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìrònú yìí lòdì sí bí ènìyàn ṣe ń gba èdè. Ọmọ Èkìtì tó fi Èkìtì jókòó nílé ń kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ní ilé-ìwé láìsí wàhálà, nítorí pé ó ti ní èdè kan tó lè gbé òmíràn lé lórí. Ẹ̀ka-èdè ìyá, bó ti wù kó jìnnà sí ti inú ìwé tó, ni ó yẹ kí ìyá fún ọmọ.

Bí àlejò kan bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà sórí obì, àwọn Ìgbò yóò rán an létí pé Ọjị anaghị anụ Bekee, obì kì í gbọ́ èdè òyìnbó. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní London tàbí Houston, àgbàlagbà yóò gbé obì sókè, yóò fi Ìgbò súre, gbogbo ilé yóò sì dáhùn pé Ise, ìyẹn Àṣẹ. Ìyì wà nínú èyí, ṣùgbọ́n ó lè fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Kúbà, Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lukumí ṣì wà nínú orin òrìṣà àti nínú àdúrà, wọ́n sì ń pọ́n ọn lé gidigidi, síbẹ̀ èdè Sípéènì ni ìyá fi ń pe ọmọ wálé.

Ìjọba kò dúró lójú kan. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1970, Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó sọ èdè abínibí di èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ìpinnu yẹn bani nínú jẹ́, ó sì lòdì sí ohun tí ojú ti rí ní Ifẹ̀. Ó tún mú kí iṣẹ́ àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Pita Ejiofor, tó dá ẹgbẹ́ Suwakwa Igbo sílẹ̀ láti máa rọ àwọn òbí pé kí wọ́n sọ Ìgbò nílé, ṣe kókó ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Nínú ilé náà, àṣà kan wà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsí ẹni tó rán an. Ọmụgwọ ni wọ́n ń pè é: ìyá ìyàwó yóò wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, yóò máa wẹ ọmọ, yóò máa se ọbẹ̀ aláta fún abiyamọ, yóò sì máa fi omi gbóná tọ́jú ara rẹ̀. Àṣà náà kò kú, ọkọ̀ òfurufú ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ń wọ̀ láti Enugu tàbí Owerri lọ ṣe é ní ìlú òyìnbó. Fún oṣù kan sí mẹ́ta, Ìgbò ni ọmọ ń gbọ́ nígbà ìwẹ̀ àti nígbà oorun. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún kan, láàárín ọdún kejì sí ìkẹta ni ọ̀rọ̀ sì máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìyá àgbà yóò sì ti padà sílé tipẹ́. Àwọn ìdílé kan ti ń pe ìyá àgbà padà ní àkókò tí ọ̀rọ̀ ń pọ̀ lẹ́nu ọmọ yìí. Àwọn mìíràn ń gbé ọmọ lọ sí abúlé nígbà Kérésìmesì, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn títí ọlidé yóò fi parí. Àwọn ọmọ abúlé kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àlejò, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣeré gbọ́dọ̀ fi Ìgbò dá wọn lóhùn.