Odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: Àdéhùn, Àtúnṣe àti Ewu Tuntun

Ìtàn ìlú Òṣogbo kò ṣeé sọ láìmẹ́nu ba odò Ọ̀ṣun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé ni pé àìtó omi ló mú kí Lárooyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí bèbè odò náà. Igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ó fọ́ ìkòkò aró òrìṣà, Ọ̀ṣun sì fohùn. Àdéhùn ló gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà: Ọ̀ṣun yóò dáàbò bo àwọn àlejò rẹ̀, àwọn náà yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, wọn yóò sì fi igbó rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Orúkọ oyè ọba ìlú ṣì ń jẹ́rìí sí i. Àtáója jẹ́ ìsúnkì "a-tẹ́wọ́-gba-ẹja", nítorí ẹja ni òrìṣà fi ránṣẹ́ sí ọba.

Láàárín àwọn ọdún 1950, àdéhùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọ̀wọ̀ tí àwọn ènìyàn ní fún igbó náà dín kù bí ìṣe àtijọ́ ṣe ń pàdánù agbára rẹ̀. Ẹja pípa, ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé, tí gbogbo wọn jẹ́ eèwọ̀ níbẹ̀, di ohun tí ojú ń rí. Ìjọba gbin igi tíìkì sí apá kan, ikán sì ń jẹ ojúbọ.

Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló ṣáájú nínú àtúnṣe náà. Ṣùgbọ́n ìtàn tó bá fi gbogbo iyì fún un nìkan kò péye. Àtáója fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Àwọn àwòrò ló mọ ohun tó tọ́ sí ojúbọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ló gbé e ró. Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà, fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Buraimoh Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Kasali Akangbe gbẹ́ igi. Àwọn ère àti ògiri wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ààlà ni wọ́n jẹ́ fún agégi àti fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Wenger papòdà ní 2009.

Ọdún Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù kẹjọ, ló so gbogbo ìlú mọ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, Arugbá á ru igbá ẹbọ dé etí odò. Ọ̀pọ̀ èrò, tó fi mọ́ àwọn olórìṣà láti Brazil àti Cuba, á bu omi náà mu, wọn á sì fi bọ́jú. Nínú omi mímu yìí ni àdéhùn ti ń di ọ̀tun.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu tuntun wà. Ìgèdè-Èkìtì ni orísun Ọ̀ṣun. Òun àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀ gba agbègbè Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ẹrẹ̀ iṣẹ́ náà ti mú kí omi di pupa rúsúrúsú, àyẹ̀wò sì ti fi òjé àti mẹ́kúrì hàn nínú rẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà níbi ọdún. Ère lè dá agégi dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹrẹ̀ tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè odò dúró.

Ìyà àìlómi kò ṣàjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2018, adágún Loka gbẹ ní Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò fi ṣe ilé. Láti inú adágún yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀rọ ìlú Bouaké ti ń wá nígbà náà. Àwọn ará ìlú wá ń tò síwájú ọkọ̀ agbomi. Àwọn ará Òṣogbo ti ṣe ojúṣe wọn lórí bèbè odò. Ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ kọjá agbára ìlú kan ṣoṣo. Àfi kí àwọn tó wà lókè odò, àti ìjọba tó ń fún awakùsà ní ìwé àṣẹ, wọ inú àdéhùn Lárooyè, kí ọdún Ọ̀ṣun má baà di èyí tí wọ́n ń ṣe létí omi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu.