Àwọn Ọ̀dọ́kùnrin Aṣíkiri àti Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Jámánì

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin tó ṣí wá sí Jámánì ni kò dé yunifásítì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wà níwájú wọn: iṣẹ́ alágbára tí kò gba ìwé ẹ̀rí, tàbí Ausbildung, ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí òfin ilẹ̀ náà gbé kalẹ̀.

Ìtàn

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òṣìṣẹ́ wọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Ìjọba bá Ítálì ṣàdéhùn ní 1955, ó sì bá Tọ́kì ṣe é ní 1961, kí àwọn ènìyàn wọn lè wá ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà àti nílé iṣẹ́ ọkọ̀. Èrò gbogbo ayé ni pé wọn ò ní pẹ́ padà sílé, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí ẹni kọ́ wọn lédè tàbí níṣẹ́. Ìgbanisíṣẹ́ yìí dópin ní 1973, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò lọ mọ́. Nígbà tí ìwakùsà ń kásẹ̀ nílẹ̀, agbára nìkan kò tó fi wá iṣẹ́ tuntun.

Ní 2015, nǹkan bí 890,000 ènìyàn wá ibi ìsádi wọ Jámánì, pàápàá láti Síríà, Afghanistan àti Ìráàkì. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni kò sì tíì pé ọmọ 30 ọdún.

Bí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ṣe rí

Iṣẹ́ tó lé ní 300 ló wà nínú ètò yìí, irú bíi bíríkìlà, káfíńtà àti mẹkáníìkì. Ó máa ń gba ọdún 2 sí 3½. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Kò dà bíi ti ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí òbí ti sábà máa ń sanwó fún ọ̀gá; ní Jámánì, ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ. Ìdánwò ló sì ń fúnni ní frídọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹ̀rí pé ẹni náà ti kọ́ṣẹ́ yọrí.

Òfin 3+2 ti 2016 tún jẹ́ kí ẹni tí ìjọba kọ̀ láti fún ní ibi ìsádi lè parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, kó sì fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣòro

Èdè ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró nílé ẹ̀kọ́. Owó ni èkejì: ní 2020, yúrò 515 lóṣù ni iye tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí lójoojúmọ́ lè gba ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè ìrìn àjò, tí ìyá rẹ̀ sì ń retí owó nílé, kò rọrùn fún un láti fi ọdún mẹ́ta ṣe sùúrù. Ẹ̀kọ́ èdè àti owó tó tó jẹun ni ìrànwọ́ tó yẹ kó ṣáájú, kí ó má bàa jẹ́ pé kìkì ẹni tí kò ní ẹrù lọ́rùn ni yóò lè kọ́ṣẹ́ yọrí.