Oúnjẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi: Ohun tó yẹ kí òbí mùsùlùmí mọ̀, kó sì béèrè

Ìyá kan dúró dè wá lẹ́yìn wáàsí ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní: "Alufa, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ti pé ọdún kan ààbọ̀, ó ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣé kò sí aburú nínú ẹran tí wọ́n ń sè fún wọn níbẹ̀?" A sọ fún un pé kó lọ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra ẹran náà àti bí wọ́n ṣe ń pa á. Àwa náà wá bi í pé: "Kí ni ọmọ yín jẹ níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá?" Kò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dà bí ìyá yìí. A ń ṣọ́ra fún hàràámù, ohun tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n nínú Suratul-Baqarah, aaya 168, ohun méjì ni Ọlọ́hun so pọ̀ nígbà tó ń pe ọmọ ènìyàn síbi oúnjẹ: kó jẹ́ hàláàlì, kó sì jẹ́ ohun tó dára. Ẹran tí wọ́n dú lọ́nà ẹ̀sìn, tí wọ́n wá gbé kalẹ̀ láti àárọ̀ títí ó fi ń rùn, ọ̀kan péré nínú méjèèjì ló ní. Ìdí nìyí tí a fi kó àlàyé yìí jọ fún àwọn òbí, àwọn tó ni ilé ìwé àti àwọn alásè.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì

Láti ìgbà tí oyún bá ti dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọjọ́. Àsìkò yìí ni ọpọlọ ọmọ ń dàgbà kíákíá jù, ohun tó bá sì pàdánù nígbà náà ṣòro láti dá padà. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà lórí ìlera, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ. Nínú 100 ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59, ẹ̀jẹ̀ 68 ni kò tó.

Kì í ṣe jẹ́lé-ó-sinmi ló fa gbogbo èyí. Ibà wà ńbẹ̀, aran wà ńbẹ̀, àìlówó lọ́wọ́ náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń mú lọ ní aago méje àárọ̀, tí a ń lọ mú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló wà fún. Ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kù sọ́wọ́ òbí àti ẹni tó ni ilé ìwé.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àwo

Àwọn onímọ̀ ìlera pín oúnjẹ ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 23 sí ọ̀nà mẹ́jọ. Wọ́n ní ó kéré tán, kí ọmọ jẹ nínú márùn-ún lójúmọ́:

1. Ọmú ìyá.
2. Ọkà, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà: ògì, ìrẹsì, àmàlà, búrẹ́dì.
3. Ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà lílọ̀, ẹ̀gúsí.
4. Wàrà àti wàràkàṣì.
5. Ẹran, adìyẹ, ẹ̀dọ̀, ẹja.
6. Ẹyin.
7. Èso àti ẹ̀fọ́ tó ní fítámì A: máńgòrò, ìbẹ́pẹ, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ.
8. Èso àti ẹ̀fọ́ yòókù: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tòmátò, ilá.

Ẹ wo ògì àti ṣúgà ní àárọ̀, ìrẹsì àti ata ní ọ̀sán, bisikíìtì ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yó, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà jẹun, àfi bí ata bá mú un di méjì. Omi ló pọ̀ jù nínú ògì. Bí a bá po ìyẹ̀fun sóyà tàbí edé lílọ̀ mọ́ ọn, tí a fi mọ́ínmọ́ín tì í, oúnjẹ gidi ló dà yẹn. Ẹyin kan tàbí ẹja kékeré tí a yọ egungun rẹ̀ kò ná owó tó bí a ṣe rò tí a bá ṣírò owó bisikíìtì àti ohun mímu aládùn tí à ń rà lọ́sẹ̀.

Ọmú kò gbọ́dọ̀ parí nítorí pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọdún méjì gbáko ni Suratul-Baqarah, aaya 233, dárúkọ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọmú ọmọ pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kó tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìyá fún un lọ́mú kó tó jáde àti nígbà tó bá padà dé.

Ikùn ọmọ kéré. Ọmọ oṣù 9 sí 23 tó ṣì ń mu ọmú nílò oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú ìpanu díẹ̀. Kí á fún un ní díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́.

Ohun tí kò yẹ ká fún wọn

Oyin: Ọlọ́hun yìn ín nínú Suratun-Nahl, ìwòsàn sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kí á má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kòkòrò àrùn kan lè wà nínú oyin tí ikùn ìkókó kò lágbára láti ṣẹ́gun, ó sì lè sọ iṣan ara rẹ̀ di aláìlágbára.

Ẹ̀pà odidi, gúgúrú, súìtì líle àti ẹja eléegun: wọ́n lè há ọmọ lọ́fun. Kí a lọ ẹ̀pà, kí a gé ẹran wẹ́wẹ́.

Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti tíì: ṣúgà ẹlẹ́rìndòdò ń ba eyín jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ebi oúnjẹ gidi pa ọmọ. Tíì kì í jẹ́ kí ara rí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ gbà dáadáa nínú oúnjẹ. Omi tó mọ́ ló tó.

Oúnjẹ inú kúlà

Ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, àwa òbí fúnra wa là ń di oúnjẹ fún ọmọ. À ń sè é ní aago márùn-ún ìdájí, ọmọ ń jẹ ẹ́ ní aago méjìlá. Wákàtí méje nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ tó ti jinná má ṣe kọjá wákàtí méjì nínú ooru yàrá lásán. Bí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ní gbígbóná, kí ooru rẹ̀ má ṣe wálẹ̀ ju 60°C lọ.

Kí a da omi híhó sínú kúlà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí a dà á nù, kí a wá bu oúnjẹ tí èéfín ń jáde lára rẹ̀ sí i títí yóò fi kún, kí a dé e pinpin. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ ní èyí tó tètè ń bàjẹ́, bíi mọ́ínmọ́ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ọsàn tí wọn kò tíì bó lè dúró di ọ̀sán. Ìrẹsì tó ti pẹ́ nílẹ̀ lè ní májèlé tí gbígbé e kaná kò lè pa. Kí wọ́n dà á nù.

Ohun tó yẹ ká béèrè

1. Kí ni ọmọ jẹ lónìí, báwo ló sì ṣe jẹ ẹ́ tó?
2. Ta ló ń pa ẹran, ta ló ń tà á fún yín?
3. Aago mélòó ni ẹ sè é, aago mélòó ni ẹ fún wọn?
4. Níbo ni omi mímu ti ń wá? Ṣé ọṣẹ wà níbi tí alásè àti àwọn ọmọ ti ń fọ ọwọ́?
5. Ta ló ń jókòó ti àwọn ọmọ bí wọ́n bá ń jẹun?
6. Nínú oṣù Ramadan, nígbà tí àwọn olùkọ́ ń gba ààwẹ̀, ṣé ìdáná àwọn ọmọ kò dín kù?

Ìbéèrè karùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ará wa tó wà ní England mọ̀ pé òfin ibẹ̀ ní kí ojú àti etí olùtọ́jú wà lára ọmọ nígbà tó bá ń jẹun. Àwa náà ní àwòkọ́ṣe. Nígbà tí Ànábì Muhammad (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ Umar ọmọ Abu Salamah, tó ṣì kéré nígbà náà, láti dárúkọ Ọlọ́hun, kó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kó sì jẹ níwájú rẹ̀, ìdí àwo kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà.

Ìyá yẹn padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mùsùlùmí ló ń pa ẹran náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ òun kì í tilẹ̀ jẹ ẹran ọ̀hún. Ó le jù fún eyín rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kó o kúrò nínú àwo lójoojúmọ́, ìrẹsì nìkan ló ń jẹ. Òun àti alásè ti fẹnu kò pé kí wọ́n máa lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀. Kò gba owó kankan. Ìbéèrè ló gbà.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa, kó sì jẹ́ ká lè jíhìn rere lórí amánà tó fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.