Ọ̀nà Ìgbafẹ́, Ọ̀nà Ẹrú

Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ afárá Sàngó rí lọ́jọ́ Ajé yóò mọ̀ pé ìlú wa kì í sinmi. Ọkọ̀ akẹ́rù yóò máa bọ̀ níwájú, dánfó yóò máa fọn fèrè lẹ́yìn, ọlọ́kadà yóò sì máa gba àárín wọn kọjá. Ọ̀nà Abẹ́òkúta gba ibẹ̀, ọ̀nà Ìdírókò gba ibẹ̀, ọ̀nà Èkó náà gba ibẹ̀. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, ìyá mi sì ń ta ike àti abọ́ nínú ọjà Sàngó, nítorí náà ọ̀nà kì í ṣe ohun tuntun nílé wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni kí gbogbo wa jọ wọ ọkọ̀ kan náà, kí a má sì ru ẹrù ọjà kankan.

Ìsinmi Àjíǹde ọdún 2023 ni. Ilé iṣẹ́ ti fún bàbá mi ní ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, ó sì yá bọ́ọ̀sì kékeré lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ìbejì rí ẹranko inú igbó, kí wọ́n sì rí òkun. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Táyé àti Kẹ́hìndé nígbà náà, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ti rí kìnnìún, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn yóò rí i lójúkojú. Èmi ní tèmi mú ìwé lọ́wọ́. Olùkọ́ ìtàn wa ti ní kí a ka ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther kí a tó wọlé padà.

A kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, a gba Ifọ̀ kọjá, a sì jẹ láfún ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn Abẹ́òkúta, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Igi ń kúrú, koríko ń pọ̀, òkúta ńláńlá sì ń yọrí. Oorun ń kun bàbá mi, ni ìyá mi bá ní kí n máa ka ìwé mi sókè kí ojú rẹ̀ lè là. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nìyẹn, láìronú pé ọ̀nà Ìsẹ́yìn tí ìwé náà ń sọ ni a wà lórí rẹ̀.

Òṣogùn ni wọ́n bí Àjàyí sí, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ogun ya wọ ìlú náà lówùúrọ̀. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé láti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà; Àjàyí kò rí i mọ́ láéláé. Wọ́n mú Àjàyí, wọ́n mú ìyá rẹ̀, wọ́n mú àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá. Wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn, wọ́n sì dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn. Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ olórí ogun, ìyá rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fi Àjàyí gba ẹṣin kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà pẹ̀lú, bí ẹni dá aṣọ tí kò bá a mu padà fún oníṣòwò.

Ibi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ìpín yìí ni Kẹ́hìndé ti yọ orí láti ẹ̀yìn ìjókòó. Mo rò pé ó ti sùn. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ìbejì ni wọ́n?” Mo ní rárá. Ó tún ní, “Tó bá jẹ́ pé ìbejì ni wọ́n ńkọ́, ta ni wọ́n máa mú lọ?”

Bàbá mi wú ikọ́ kan. Ó ní, “Pa ìwé yẹn dé.” Ìyá mi ní, “Bàbá Ìbejì, òótọ́ ọ̀rọ̀ ṣáà ni.” Bàbá mi dá a lóhùn pé òótọ́ tó tó ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ wà, èyí tí kò tó o gbọ́ náà sì wà. Ọkọ̀ dákẹ́. Kẹ́hìndé ṣì ń wò mí lójú. Ó béèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo wo bàbá mi nínú dígí, mo sì dáhùn pé, “Rárá o. Àlọ́ ni.”

Ó sinmi. Ó ní kí ló dé tí ìjàpá kò sí níbẹ̀.

A dé Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní ìrọ̀lẹ́, a sùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá wa nínú Ọgbà Ẹranko Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Kí n sọ òótọ́, àwọn ìbejì kò rí kìnnìún. Wọ́n rí ọ̀bọ, wọ́n rí ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀, ìgalà kan sì fò kọjá débi pé Táyé nìkan ló rí i, títí di òní Kẹ́hìndé kò gbà á gbọ́. Ohun tó dùn mọ́ wọn jù ni odò Ògùn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi, inú wọn sì dùn gidigidi nígbà tí bàbá mi sọ fún wọn pé omi yìí náà ló ń ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá, tó sì ń lọ bọ́ sínú ọ̀sà Èkó.

Èmi bá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà sọ̀rọ̀. Mo bi í ní ohun tó ń dà mí láàmú láti ìgbà tí a ti wọlé: báwo ni ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe wà láìsí èèyàn, ní ilẹ̀ Yorùbá tí a ti ń jà sí ìwọ̀n ilẹ̀ kan? Ọgbà náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èèyàn wà níbẹ̀ rí. Ó nawọ́ sí ìhà àríwá, ó ní lọ́hùn-ún ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, pé àwókù odi ìlú àti àfọ́kù ìkòkò ṣì wà nínú koríko ibẹ̀. A kò lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó sì le. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ọkùnrin náà kò kúrò lọ́kàn mi: ìlú ló di igbó, kì í ṣe igbó ló wà níbẹ̀ látilẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé ni mo wá to ìtàn náà pọ̀. Ọ̀yọ́-Ilé fi ẹṣin jọba lórí ilẹ̀ ọ̀dàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjà inú ilé ló kọ́kọ́ tú u ká. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin láti Ìlọrin. Lẹ́yìn náà, àwọn tó pè láti ràn án lọ́wọ́ pa òun náà. Ogun ń jẹ ìlú kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn tó kó Òṣogùn lọ́dún 1821 kì í ṣe òyìnbó. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn ni. Àwọn òyìnbó ń dúró de ọjà létí òkun ni. Mo rò pé apá yìí ni a máa ń yára kà kọjá nínú kíláàsì, nítorí ó rọrùn láti bínú sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ju ẹni tó jọ wá lọ.

Láàárín ọdún 1830 sí 1840, Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, àwọn tó kù ní Ọ̀yọ́-Ilé sì fi ìlú sílẹ̀. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó síhà gúúsù, níbi tí a ń pè ní Àgọ́-Ọ̀jà. Koríko bo ilé, ẹranko sì wọlé. Ìjọba amúnisìn sọ apá Òkè Ògùn ibẹ̀ di igbó ọba ní 1936, wọ́n sọ apá Ọ̀yọ́-Ilé di bẹ́ẹ̀ ní 1941, wọ́n sọ méjèèjì di ibi ààbò ẹranko ní 1952, wọ́n sì di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Nítorí náà, ìgalà tí Táyé rí, orí ilẹ̀ tí ogun lé èèyàn kúrò ló ti ń jẹko. Àwọn èèyàn náà ńkọ́? Àwọn kan sá lọ tẹ ìlú mìíràn dó. Àwọn tó kù, wọ́n gba ọ̀nà òkun lọ.

A padà sílé, a sinmi ọjọ́ kan ní Ọ̀tà. Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ìlú wa, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà pé kò sí ìtàn kankan ní Ọ̀tà àfi ti ilé iṣẹ́ àti gosiló. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Wọ́n nílò ọ̀nà sí òkun, kí wọ́n lè rí ìbọn àti ẹ̀tù rà, àwa Àwórì Ọ̀tà sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní 1842, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ dó ti Adó, ìdótì yẹn kò sì tú títí di 1853. Lónìí, Adó àti Ọ̀tà jọ ń jẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, Adó-Odò/Ọ̀tà, láti 1989. Orúkọ yẹn wà lára ọkọ̀ agbowó orí tí ìyá mi máa ń sá fún lọ́jà, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ogun wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta a gba Atan, Lùsàdá àti Àgbárà lọ sí Àgbádárìgì. Táyà jò lọ́nà, a sì fi wákàtí kan jẹ gúgúrú lábẹ́ igi. Nígbà tí a dé, a wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845, èyí tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni Crowther dé Àgbádárìgì, ó ti di àlùfáà nígbà náà. Ó fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì wà lójú ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ fún bí ọdún kan ààbọ̀. Ọ̀nà tí kò ṣeé gbà yẹn, agbègbè wa ni.

Lẹ́yìn náà a wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Mo ti gbàgbé irọ́ mi. Ẹ̀wọ̀n irin wà lórí tábìlì, ó ti dípẹtà, ẹni tó ń mú wa káàkiri sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi í de ẹrú lọ́rùn. Kẹ́hìndé fà mí láṣọ. Ó rọra ní, “Àǹtí, o ní àlọ́ ni.”

Bàbá mi gbọ́. Mo ń retí pé yóò tún wú ikọ́. Kò wú u. Ó wo ẹ̀wọ̀n náà títí, ó wá ní, “Sọ fún un.”

Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè bára mu. Mo sọ fún un pé mo purọ́, pé ó ṣẹlẹ̀, pé wọ́n mú ọmọdé. Mo sọ pé Àjàyí kò gba Àgbádárìgì ní tirẹ̀, ọ̀nà Ìjàyè àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n mú un gbà dé Èkó, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ jùlọ kò rí ẹni gbà wọ́n. Kò sunkún. Táyé ló sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Gbẹ́rẹ́fú, a sì rin ojú iyanrìn tí wọ́n mú ẹrú gbà dé etí òkun. Oòrùn mú. Bàbá mi gbé Táyé pọ̀n, Kẹ́hìndé kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Nígbà tí òkun yọ, àwọn méjèèjì pariwo, wọ́n sáré lọ bá ìgbì, wọ́n ń ṣeré bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe, ìyá mi sì ń pariwo pé kí wọ́n má jìnnà jù. N kò mọ bó ṣe yẹ kó rí lára mi. Mo bọ́ bàtà, èmi náà bá wọn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a kọjá Àgbárà. Táyé ti sùn. Kẹ́hìndé béèrè bóyá Àjàyí rí ìyá rẹ̀ mọ́.

Mo ní ó rí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn tí ọ̀nà là tó sì dé Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sì wá a wá.

“Abẹ́òkúta tí a ti jẹ láfún?”

“Ibẹ̀ náà ni.”

“Ọdún mélòó ni kò fi rí i?”

Mo ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Ìka rẹ̀ tán, ó fa ọwọ́ Táyé tó ń sùn mọ́ra, ó kà á lórí ìyẹn náà, kò sì tíì tó. Ó nawọ́ síwájú, ó ní kí bàbá mi yá òun ní ọwọ́ kan.