Ìbẹ̀rù àti ìbínú: ohun tó mú kí ojú tí ọkùnrin fi ń wo ewu yàtọ̀ sí ti obìnrin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọkùnrin láyà ju obìnrin lọ, pé ohun tí obìnrin ń sá fún ni ọkùnrin máa ń forí lé láìwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfurufú kọ lu ilé gogoro méjì ní New York, wọ́n sì kọ lu Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Jìnnìjìnnì bo àwọn kan, inú sì bí àwọn mìíràn gidigidi. Lọ́dún yẹn kan náà ni Jennifer Lerner, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Yunifásítì Carnegie Mellon, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 973 lẹ́nu wò. Wọ́n ní kí àwọn kan sọ ohun tó dẹ́rù bà wọ́n jù nínú ìkọlù náà, kí àwọn mìíràn sọ èyí tó bí wọn nínú jù.

Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2003, ni pé ewu tóbi lójú àwọn tí wọ́n rán létí ìbẹ̀rù, ó sì kéré lójú àwọn tí wọ́n rán létí ìbínú. Ìdí ni pé ẹni tẹ́rù ń bà kò mọ ohun tó ń bọ̀, kò sì lágbára lórí rẹ̀. Ẹni tínú ń bí gbà pé òun mọ ọ̀daràn, àti pé apá ká a.

Ewu tún tóbi lójú àwọn obìnrin ju ti ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n ìdá 60 sí 80 nínú 100 ìyàtọ̀ yìí ló wá láti inú ìmọ̀lára: ẹ̀rù ba àwọn obìnrin jù, inú sì bí àwọn ọkùnrin jù. Èyí kò túmọ̀ sí pé obìnrin jẹ́ ojo láti inú ìyá rẹ̀ wá.

Méjèèjì ló lè ṣini lọ́nà. Gerd Gigerenzer, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ṣírò pé nǹkan bí 1,500 ènìyàn ló kú sí i lójú pópó Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìkọlù náà, nítorí pé ìbẹ̀rù mú kí ọ̀pọ̀ fi ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀, kí wọ́n máa wa mọ́tò. Ní ti ìbínú, Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ yáwó ṣòwò tàbí rìnrìn-àjò òru, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó pinnu.