Gègé Oníńkì ní Etí Ọ̀sà Abidjan

Bí ẹnì kan bá yọ gègé oníńkì jáde ní Abidjan lónìí, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọ̀gá àgbà ni, tàbí amòfin, tàbí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn olówó ńlá. Wọ́n ti sọ gègé náà di ohun oyè, bẹ́ẹ̀ ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ṣe é fún: iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ tíṣà, ìwé ìṣirò oníṣòwò, lẹ́tà sí ará ilé. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé gègé yìí ló kọ́kọ́ gba ìwé kíkọ kúrò lórí tábìlì ìjọba àti ti iléèwé, tó sì fi í lé ẹni tó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ẹni tó bá tún ń lò ó lójoojúmọ́ lónìí, ogún àwọn akọ̀wé lásán ló ń jẹ, ọ̀gá kankan kọ́ ló ń fara wé.

Attécoubé, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò Abidjan, dára láti fi wo ọ̀rọ̀ yìí nítorí ibi tó wà. Omi ọ̀sà Banco ló là á sí méjì: apá kan fara ti Adjamé àti Plateau, apá kejì wà lódìkejì omi, níbi tí Locodjro àti Abobo-Doumé wà, àwọn abúlé ẹ̀yà Ébrié tí wọ́n ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ìlú ńlá. Igbó Banco, tó fẹ̀ ju 3,000 hẹ́kítà lọ, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1934 ni ìjọba Faransé kó olú-ìlú kúrò ní Bingerville wá sí Abidjan, Plateau sì di ibùjókòó ọ́fíìsì. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni létí ọ̀sà yìí kò ti lè sá fún bébà: ìwé owó orí, ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀. Ọdún 1980 ni Attécoubé di ìjọba ìbílẹ̀ tó dá dúró. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ọkọ̀ òyìnbó ló gbé íńkì wá. Nígbà tí Louis-Gustave Binger dé Kong lápá àríwá ní 1888, ìlú àwọn àlùfáà ló bá, níbi tí kíka èdè Lárúbáwá àti kíkọ rẹ̀ ti wọ́pọ̀. Kálámù wọn jẹ́ esùsú tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu, wàláà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, èédú àti oje igi ni wọ́n sì fi ń po tàdáwà. Ẹni tó lọ sí ilé kéú ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn kò ní í rí ohun àjèjì kankan nínú ìyẹn.

Ohun tí iléèwé Faransé mú wá yàtọ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n ki irin ṣóńṣó bọ̀ lẹ́nu. Ọmọ á tì í bọ ìgò íńkì, á kọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, á tún tì í bọ̀ ọ́. Sergent-Major lorúkọ irin tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, íńkì aláwọ̀ àlùkò sì ni ti iléèwé. Ihò ni wọ́n gbẹ́ fún ìgò íńkì náà lórí dẹ́sìkì, kò sì ń kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá jókòó sídìí tábìlì kò lè kọ̀wé, tábìlì sì ní ẹni tó ni ín. Tíṣà ló ń bu íńkì. Tíṣà náà ló ń bá ẹni tó bá ta á sílẹ̀ wí. Bákan náà ló rí fún akọ̀wé ọ́fíìsì: ó lè mọ̀wé ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ bó bá ti dìde nídìí tábìlì, ìmọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi kọ̀wé mọ́. Irin náà gan-an kì í pẹ́, nítorí ásíìdì inú íńkì ọ́fíìsì máa ń jẹ ẹ́.

Gègé oníńkì, tó ń gbé íńkì sínú ara rẹ̀, ló tú ìdè tábìlì yẹn. Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1884. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú ṣáájú. Petrache Poenaru, ọmọ ilẹ̀ Romania, ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Paris ní 1827. Afẹ́fẹ́ ló ń da gbogbo wọn láàmú. Bí íńkì bá ń jáde nínú ohun tí a dé pa, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá wọlé, íńkì á há. Bó bá wọlé jù, íńkì á dà sílẹ̀ gbìì. Waterman gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sára ohun tó wà lábẹ́ ẹnu gègé, kí íńkì máa gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba ibẹ̀ gòkè. Wúrà ni wọ́n fi ṣe ẹnu rẹ̀ torí ásíìdì kì í jẹ wúrà, wọ́n sì jó èròjà líle mọ́ ṣóńṣó rẹ̀ kí bébà má baà ha á tán. Ibẹ̀ ni ìgbádùn gègé yìí ti wá. Ọwọ́ kò ní í tẹ̀ ẹ́ rárá. Kí ṣóńṣó rẹ̀ sáà ti kan bébà, bébà fúnra rẹ̀ á fa íńkì jáde, ìlà á sì máa tẹ̀ lé ọwọ́. Ẹni tó ń kọ ojú ìwé púpọ̀ lóòjọ́ ló mọ iyì èyí, nítorí ìka rẹ̀ kì í ro ó.

Ṣé àwọn ènìyàn wa kọ irú ìwé tó ń fẹ́ irú gègé bẹ́ẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ yanturu. Kí ó tó di àárín àwọn ọdún 1940, bírò kò tíì dé ọjà àgbáyé, nítorí náà ohunkóhun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ tí kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì, íńkì olómi ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé William Ponty ní Senegal, tí Bernard Dadié ọmọ Côte d'Ivoire wà lára wọn, máa ń lo ìsinmi láti wádìí àṣà ìlú wọn kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ìwé náà ṣì wà ní ilé ìwádìí IFAN ní Dakar. Inú agbolé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu àwọn àgbà, níbi tí kò sí dẹ́sìkì oníhò. Ní Ìbàdàn, Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún, gbèsè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, aáwọ̀ ẹbí, ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn ló ń tọ́jú àwọn ìwé náà. Kò sí ọ̀gá tó rán an. Nàìjíríà ní òfin kan láti 1915 tó pa á láṣẹ pé ẹni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, èyí tó fi hàn bí iṣẹ́ akọ̀wé-lẹ́tà ti gbilẹ̀ tó. Àwọn ọmọ Èjìgbò, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, mọ̀ pé lẹ́tà ni okùn tó so ilé mọ́ oko. Ẹnì kan lè sọ pé lẹ́ẹ̀dì tó fún gbogbo èyí. Lẹ́ẹ̀dì dára, ṣùgbọ́n ó ń parẹ́.

Kí ló wá lé gègé oníńkì lọ? László Bíró gba ìwé àṣẹ bírò rẹ̀ ní 1938; ní oṣù Kejìlá 1950, Marcel Bich gbé Bic Cristal jáde. Iléèwé Faransé kọ̀ ọ́ fún ọdún gbọọrọ, àfi ní 1965 tí ìjọba wọn gbà á láàyè ní kíláàsì. Côte d'Ivoire ti gba òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣì ń tọ ipasẹ̀ Paris. Èrò mi ni pé ibí yìí ni kókó wà: ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà bọ́ lọ́wọ́ irin onítìbọ̀, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ Bic tààrà. Gègé oníńkì tó wà láàárín méjèèjì kò kàn wọ́n rí. Ọwọ́ ọ̀gá ni wọ́n ti ń rí i, ìdí nìyẹn tó fi dà bí ohun oyè lójú wọn.

Àtakò tó wúwo jù ni ti Frédéric Bruly Bouabré, akọ̀wé ìjọba tẹ́lẹ̀rí, ẹni tó rí ìran ní 11 oṣù Kẹta 1948, tó sì ṣẹ̀dá àmì tó lé ní 400 fún kíkọ èdè Bété. Abidjan ló kú sí ní 2014, lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ibi ìpàtẹ ọnà káàkiri ayé. Bírò àti lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ náà, lórí páálí kéékèèké tí kò ju káàdì ìfìwéránṣẹ́ lọ. Bí ẹni tó fún gbogbo èdè kan ní lẹ́tà bá lo bírò, kí la tún ń wá? Mo gbà pé bírò ṣe oore ńlá, mi ò sì ní í gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ínrín rẹ̀. Páálí líle ń fẹ́ ohun tí a lè tẹ̀ mọ́lẹ̀, bírò ló sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìwé ìrántí bíi ti Ọbísẹ̀san lálaalẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà yẹ fún ìtura.

Àwọn mìíràn á ní ojú ọjọ́ wa kò gbà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí gègé bá ṣófo dé ìdajì, ooru á mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú, á sì ti íńkì jáde. Kíkún un dáadáa àti gbígbé e ní òòró, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ló ń dá a dúró. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà kì í jẹ́ kí íńkì tètè gbẹ, bébà iléèwé tó fẹ́lẹ́ sì máa ń fà á kọjá sí ẹ̀yìn. Ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá fún ìyẹn. Ní ti aṣọ, àwọn fanico, ọkùnrin tí a mọ̀ mọ́ fífọ aṣọ ìlú lórí òkúta tí wọ́n ki sínú táyà ọkọ̀ nínú odò Banco, lè fi ọṣẹ àti omi ṣíṣàn ṣẹ́gun íńkì búlúù tí wọ́n ṣe láti máa ṣí. Dúdú tí wọ́n fi èròjà irin ṣe ni kò ní í gbọ́ tiwọn. Ó wá ku owó. Gègé tó dára wọ́n ju bírò lọ lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò gbà ju nǹkan bí mílílítà kan lọ, ìgò íńkì 50 mílílítà kan ṣoṣo á sì kún un tó ìgbà 50.