Oríkèé Ọ̀pá Ráífù àti Ìtàn Rẹ̀

Ibi tí ọ̀pá ráífù oníbóòtù ti wọ inú ilé bóòtù ni agbára ìbọn náà sinmi lé. Tírẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀, wọn a sì fún un pinpin. Àyè tí kátíríìjì ń jókòó sí láàárín ojú bóòtù àti ìdí ọ̀pá gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí. Bí ó bá fẹ̀ jù, kátíríìjì lè bẹ́, kí ooru ẹ̀tù sì tú padà sójú ẹni tó yìnbọn.

Ìjọba Pírọ́ṣíà ló kọ́kọ́ fi ìbọn oníbóòtù ti Johann Nikolaus von Dreyse di ìbọn ológun, ní 1841. Kò dà bíi ṣakabùlà tí à ń ki láti ẹnu: ìdí ni ọta ń gbà wọlé, ológun sì lè ki í lórí ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀tù ló wá sọ oríkèé náà di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní 1884, Paul Vieille ará Faransé ṣe ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, tí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ráífù Lebel ti 1886 ni ológun kọ́kọ́ fi yìn ín.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe oríkèé náà yàtọ̀ síra. Nínú ráífù Mauser ti 1898, ìdí ọ̀pá máa ń fara ti òrùka irin kan nínú ilé bóòtù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn nínú ráífù Lee-Enfield No. 4: orí bóòtù ni wọ́n ń pààrọ̀, láti nọ́ńbà 0 dé 3, títí àyè kátíríìjì yóò fi bá a mu. Ọgbọ́n tó yẹ ká yìn ni, nítorí kò sí ìdí láti fọwọ́ kan ọ̀pá rárá.

Ráífù M1917 ti Amẹ́ríkà ló ni alágbẹ̀dẹ ìbọn lára jù. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ti ń ṣe ráífù fún Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọdẹ rà á, wọ́n sì fẹ́ ọ̀pá tuntun sí i. Ọ̀pá ti Eddystone, ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta náà, ní Pennsylvania, fún débi pé ilé bóòtù mìíràn sán nígbà tí wọ́n fi sípánà yí i. Iná kọ́ ni oògùn ọ̀pá tó fún bẹ́ẹ̀, torí ooru àpọ̀jù ń ba líle irin jẹ́. Springfield 1903 ti fi èyí han ayé: àwọn tí nọ́ńbà wọn kò tó 800,000, ojú lásán ni òṣìṣẹ́ fi ń wo bí irin ṣe gbóná tó, àwọn kan nínú wọn sì fọ́. Ohun tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń ṣe sí M1917 ni pé wọ́n á fi ẹ̀rọ léètì gé ìlà yíká ọ̀pá, níbi tó ti fara kan ẹnu ilé bóòtù gan-an. Ìfúnpọ̀ náà á dẹ̀, fáìsì àti sípánà á sì parí ìyókù. Ọ̀pá àtijọ́ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n ilé bóòtù, tó níye lórí jù, á yè.

Ní 1958, ilé iṣẹ́ Savage gbé ráífù 110 tí Nicholas Brewer ṣe jáde. Nọ́ọ̀tì kan ló ń de ọ̀pá rẹ̀: wọ́n á wọn àyè kátíríìjì, wọ́n á wá fún nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì yìí ló jẹ́ kí àwọn ọdẹ kan ní Amẹ́ríkà máa pààrọ̀ ọ̀pá nílé ara wọn láìwá ẹ̀rọ léètì lọ.